"Mẹ́ta" nínú "ewúrẹ́ mẹ́ta": ọ̀rọ̀ orúkọ ni àbí ọ̀rọ̀ àpèjúwe? Ọmọ mi ti rojọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ o

ÌyáTáyélolú | Ọjọ́bọ̀, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Táyé mú iṣẹ́ àmúrelé Yorùbá rẹ̀ dé lónìí, bírò pupa sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú ìwé. Wọ́n ní kí wọ́n fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe nínú gbólóhùn márùn-ún. Gbólóhùn kẹta ni "Bàbá àgbà ra ewúrẹ́ dúdú mẹ́ta." Ọmọ fa ìlà sábẹ́ "dúdú", ó tún fa sábẹ́ "mẹ́ta". Olùkọ́ máàkì "dúdú" dáadáa, ó wá fagi lé "mẹ́ta", ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé "Òǹkà ni." Ó parí. Kò ṣàlàyé kankan.

Táyé bi mí pé, "Mọ́mì, mo mọ̀ pé òǹkà ni. Ṣé irú ọ̀rọ̀ wo wá ni òǹkà?" Mo ní ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Kẹ́hìndé, ẹni tí n kò bá sọ̀rọ̀, ló bá gbà á lẹ́nu mi: "Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ ni, kí ló dé tí a ń sọ pé ewúrẹ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n tí a ń sọ pé ogún ewúrẹ́? Kí ni ogún ń wá níwájú?"

Mo ní kí àwọn méjèèjì lọ sùn. Èmi ni n kò rí oorun sùn báyìí. Ta ló jàre?


Dàda_kọ́ọ̀dù | Ọjọ́bọ̀, 8:31 alẹ́

Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ẹ kú ewu! Olùkọ́ jàre, ní tèmi.

Iṣẹ́ tí mò ń jẹ ni pé kí n máa lẹ àmì mọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kí kọ̀ǹpútà lè mọ èyí tó jẹ́ orúkọ àti èyí tó jẹ́ ìṣe. Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé, Universal Dependencies, ní ìsọ̀rí mẹ́tàdínlógún, tí wọ́n là sílẹ̀ fún gbogbo èdè ayé. Ọ̀kan nínú wọn ni NUM, ti òǹkà nìkan. Kì í ṣe NOUN (ọ̀rọ̀ orúkọ), kì í ṣe ADJ (ọ̀rọ̀ àpèjúwe). Òǹkà ń gbé ilé ara rẹ̀. Mo bá "mẹ́ta" pàdé, mo lẹ NUM mọ́ ọn, mo kọjá.


Olùkọ́Fẹ̀yìntì | Ọjọ́bọ̀, 8:50 alẹ́

Dàda, ọmọ mi, má tíì kọjá. "Kẹta" ńkọ́? "Ẹ̀ẹ̀mẹta" ńkọ́? Àmì wo lò ń lẹ̀ mọ́ wọn?


Dàda_kọ́ọ̀dù | Ọjọ́bọ̀, 8:58 alẹ́

Ẹ káalẹ́, sà. Ìlànà náà ní kí òǹkà onípò, bíi "kìíní" àti "kẹta", lọ sí ADJ. Ti iye ìgbà, bíi "ẹ̀ẹ̀mẹta", lọ sí ADV (ọ̀rọ̀ àpọ́nlé). Kìkì "mẹ́ta" ló kù fún NUM.

(Mo ti rí ibi tí ẹ ń darí mi lọ báyìí, sà.)


Olùkọ́Fẹ̀yìntì | Ọjọ́bọ̀, 9:40 alẹ́

O káre. Ilé tí o ní òǹkà ń gbé, ẹbí rẹ̀ ti túká kúrò níbẹ̀ kó tó di pé wọ́n kan ilẹ̀kùn sí i.

Màdáàmù, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ níṣẹ́ yìí, mo sì ti fagi lé "mẹ́ta" rí bí olùkọ́ yẹn ṣe fagi lé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣeé ṣe kó wà lọ́kàn rẹ̀.

Nǹkan méjì ni a máa ń pò pọ̀ bí iṣu àti epo. Àkọ́kọ́ ni ìsọ̀rí, ìyẹn ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́. Èkejì ni iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe níbi tí a gbé e sí. Nínú "ewúrẹ́ dúdú mẹ́ta", ẹ̀yán ni "dúdú", ẹ̀yán sì ni "mẹ́ta", torí àwọn méjèèjì ń yán ewúrẹ́, ìyẹn ni pé wọ́n ń fi kún ìtumọ̀ rẹ̀. Ìwé gírámà máa ń pe èkejì yìí ní ẹ̀yán aṣòǹkà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ẹ̀yán. Kì í ṣe orúkọ ẹbí. Nínú "ewúrẹ́ Bàbá", ẹ̀yán ni "Bàbá" náà, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé Bàbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn àgbà onígírámà ti yà lọ́nà. Awóbùlúyì kò gbà pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe jẹ́ ìsọ̀rí kan lọ́tọ̀ ní Yorùbá rárá. Ọ̀rọ̀ orúkọ tó ń yán ọ̀rọ̀ orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn lójú tirẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e, orúkọ ni "mẹ́ta", ìyá Táyé jàre, kí wọ́n lọ sùn.

Èmi ò tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Ẹ fi "dúdú" àti "mẹ́ta" sórí ìwọ̀n kan náà kí ẹ wò ó. "Dúdú" ní ìyá: "dú" ni, ọ̀rọ̀ ìṣe. Ewúrẹ́ náà dú. "Púpọ̀" wá láti ara "pọ̀": wọ́n pọ̀. "Mẹ́ta" kò ní irú ìyá bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ pé "wọ́n ta" tàbí "wọ́n mẹ́ta". Ẹ ó sọ pé "wọ́n jẹ́ mẹ́ta", "wọ́n pé mẹ́ta", tàbí "mẹ́ta ni wọ́n". Ẹ tún pè wọ́n ní àpètúnpè: "ilé ńláńlá" ni ilé tó pọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tóbi. "Ilé mẹ́ta-mẹ́ta" ńkọ́? Ìyẹn ti di pípín: ẹnì kọ̀ọ̀kan, ilé mẹ́ta. Ẹ fi "gan-an" tì í: "dúdú gan-an" ni èyí tó dú kọjá bẹ́ẹ̀. "Mẹ́ta gan-an" ni mẹ́ta géérégé, kò lé, kò dín. Ìwà wọn kò jọra.

Torí náà olùkọ́ fagi lé e dáadáa, àmọ́ ìdí tó kọ síbẹ̀ kò tó. "Òǹkà ni" dà bí ẹni tí wọ́n bi pé iṣẹ́ wo ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe, tó ní "Sàlámì ni."


ỌmọÀjàṣẹ́ | Ọjọ́bọ̀, 9:47 alẹ́

"Sàlámì ni" 😂😂 Ẹ ti pa mí, Bàbá.


ÌyáTáyélolú | Ọjọ́bọ̀, 10:02 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dá Kẹ́hìndé lóhùn. Ogún ńkọ́?


Àṣàkẹ́_Peckham | Ọjọ́bọ̀, 10:25 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ibòmíràn wọlé, màá kan ogún.

Ẹ kà á sókè bí ẹni ń ka owó ẹyọ: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ẹ̀wá. Kò sí "m" kankan níbẹ̀. Ìwọ̀nyí ni orúkọ nọ́ńbà fúnra wọn. Ìgbà tí nọ́ńbà bá fẹ́ rọ̀ mọ́ nǹkan ni "m" máa ń yọjú: èjì di méjì, ẹ̀ta di mẹ́ta, ẹ̀wá di mẹ́wàá.

Níbo ni "m" ti wá? Olùkọ́ wa ní yunifásítì sọ pé "mú" ni. Mú èjì, méjì. Mo rò pé àlọ́ ni wọ́n ń pa fún wa, àfi ìgbà tí wọ́n ní ká wo ohùn orí ọ̀rọ̀. "Ẹ̀wá" ní ohùn ìsàlẹ̀ lórí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ àti ohùn òkè lórí èkejì. Tí a bá sọ pé "mú ẹ̀wá", fáwẹ̀lì "mú" á jẹ́ pípajẹ, ohùn òkè rẹ̀ á gun orí "ẹ". Ohùn ìsàlẹ̀ tí "ẹ̀" ní kò wá ríbi dúró sí, ó sá lọ sórí "wá", "wá" fà, ó di "wàá". Mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀sán ṣe di mẹ́sàn-án, tí àrún di márùn-ún. Ìdí tí a fi ń kọ fáwẹ̀lì méjì síparí wọn nìyẹn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

Ẹ wá sọ fún ọmọ yín kíákíá pé "mú ìwé wá". Kí lẹ gbọ́? "Múwèé wá." Ohùn ìsàlẹ̀ orí "ìwé" ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí mo gbọ́ "múwèé" àti "mẹ́wàá" pọ̀ ni mo gbà.


Gbẹ̀du77 | Ọjọ́bọ̀, 10:41 alẹ́

Àǹtí Àṣàkẹ́, ohùn náà bá a mu, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ńkọ́? "Ewúrẹ́ mú èjì." Ta ló mú un? Ewúrẹ́ mú ewúrẹ́?


Àṣàkẹ́_Peckham | Ọjọ́bọ̀, 10:56 alẹ́

Gbẹ̀du, ìbéèrè yẹn ti fa ìwé púpọ̀ jáde. Helen Verran, ará Ọsirélíà kan tó kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà kan, gbé e débi pé nọ́ńbà Yorùbá ń sọ ipò tí nǹkan wà, bí ó ṣe pín ara rẹ̀, tí ti Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ìwà tó wà lára nǹkan. Ó gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀rí lé orí ọ̀rọ̀ ìṣe tó fara pamọ́ yìí. Nígbà tó máa fi kọ ìwé rẹ̀ lọ́dún 2001, òun fúnra rẹ̀ ló tún yí padà tó ń bu àlàyé àkọ́kọ́ yẹn jẹ. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn fún ìyẹn.

Èmi ò ní sọ pé ẹni tó ń ra ewúrẹ́ ń ronú "mú". Kò sí ẹni tó ń ronú "kí" nígbà tó bá pe "ẹnikẹ́ni" náà. "M" ti di afòmọ́. Iṣẹ́ tó kù fún un ni pé ó ń sọ orúkọ nọ́ńbà di ẹ̀yán.


ỌmọÀjàṣẹ́ | Ọjọ́bọ̀, 11:10 alẹ́

Ó dáa. Ta ló wá gba "m" lọ́wọ́ ogún?


Olùkọ́Fẹ̀yìntì | Ẹtì, 6:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti sùn, mo ti jí, mo ti mu ẹ̀kọ.

Kò sẹ́ni tó gbà á. Ogún kò ní in rí. Kò sí "mógún", kò sí "mọ́gbọ̀n", kò sí "mígba". Ọ̀rọ̀ orúkọ tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ogún, òun sì ni orí àpólà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí àwọn yòókù ń sìn. Ẹ wo "agbọ̀n ẹyin", "àpò ìrẹsì", "agbo ewúrẹ́". Níwájú ni agbọ̀n wà, ẹyin ló wá ń yán an: agbọ̀n kí ni? Agbọ̀n ẹyin. Ogún kí ni? Ogún ewúrẹ́. Nínú "ewúrẹ́ mẹ́ta", ewúrẹ́ lolórí. Nínú "ogún ewúrẹ́", ogún lolórí, ewúrẹ́ ló ń sìn ín. Ọmọ yẹn rí ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà ń sọ lójoojúmọ́ tí wọn kò rí.

Ẹ gòkè sí i. Ẹgbẹ̀rún náà lè gba òǹkà mìíràn bí ẹ̀yán: ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ pé àpò méjì. Ẹ dé orí ọ̀kẹ́, ìyẹn 20,000. Kí ni ọ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀? Àpò ni! Àpò tí wọ́n ń kó owó ẹyọ sí, tí iye inú rẹ̀ jẹ́ 20,000. Nọ́ńbà tí wọ́n ń rán níbi tí wọ́n ti ń rán àpò, ta ló máa bá a jiyàn pé òun kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ?


Dókítà_Tútù | Ẹtì, 7:22 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Èmi kì í ṣe onímọ̀ èdè, Rọ́ṣíà ni mo ti kọ́ ìṣègùn, èdè wọn sì fojú mi rí màbo kí n tó rí òkú kan gé. Ohun tí Bàbá ń sọ yìí, mo ti jẹ ìyà rẹ̀ rí.

Ní Rọ́ṣíà, láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ pé òǹkà jẹ́ ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ kan lọ́tọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwà rẹ̀. "Odin", tó jẹ́ ọ̀kan, ń bá ọ̀rọ̀ orúkọ yí padà ní akọ, ní abo, ní gbogbo ipò, bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe gẹ́lẹ́. Ní ti akọ àti abo, "méjì" kò yí tó bẹ́ẹ̀: "dva" fún akọ, "dve" fún abo, ó tán. Tí ẹ bá dé orí márùn-ún, "pyat", nǹkan dojú rú: ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé e á di "ti àwọn tábìlì", bíi pé ẹ ń sọ pé "àrún ti àwọn tábìlì". "Tysyacha", ẹgbẹ̀rún, ti di ọ̀rọ̀ orúkọ tán, abo ni, ó ní ọ̀pọ̀ tirẹ̀. Bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń kúrò ní àpèjúwe tó ń lọ sí orúkọ. Wọ́n ní ọ̀gbẹ́ni kan, Corbett, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1978 pé bẹ́ẹ̀ ló rí káàkiri èdè: tí ìyàtọ̀ bá wà láàárín wọn, nọ́ńbà ńlá ló ń ṣe bí ọ̀rọ̀ orúkọ ju kékeré lọ.


ỌmọÀjàṣẹ́ | Ẹtì, 7:40 àárọ̀

Faransé tí wọ́n fi kọ́ wa ní Àjàṣẹ́ níbí náà nìyẹn o! "Mille francs", kò sí nǹkan láàárín. Ṣùgbọ́n "un million de francs". "De" yẹn, "ti" ni. Mílíọ̀nù kan TI owó. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń sọ ọ́, n kò bi ara mi léèrè rí.


Dàda_kọ́ọ̀dù | Ẹtì, 8:15 àárọ̀

Swahili náà! Mo lẹ àmì mọ́ tiwọn náà rí. Ènìyàn méjì ni "watu wawili", àga méjì "viti viwili". Ẹ rí i bí méjì ṣe ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọ̀kan títí dé márùn-ún àti mẹ́jọ ló ń wọ̀ ọ́. Mẹ́fà, méje àti mẹ́sàn-án, tí wọ́n yá lọ́wọ́ Lárúbáwá, kì í wọ̀ ọ́: "watu sita", "viti sita". Mẹ́wàá, "kumi", kì í ṣe àyálò, òun náà kò wọ̀ ọ́.


Gbẹ̀du77 | Ẹtì, 12:30 ọ̀sán

Ẹ dúró, ẹ dúró. Mo wà lórí ọ̀kadà, mo ń kà á lẹ́nu (kì í ṣe èmi ni mò ń wà á, ẹ fọkàn balẹ̀).

Ẹ ní nọ́ńbà kékeré ń tẹ̀yìn, nọ́ńbà ńlá ń ṣíwájú. Ṣé bẹ́ẹ̀? "Ogún ewúrẹ́." Ó dáa. Ṣùgbọ́n "ewúrẹ́ mọ́kànlélógún"! Mọ́kànlélógún ju ogún lọ, ó sì padà sẹ́yìn. "Ọgbọ̀n ewúrẹ́", "ewúrẹ́ márùn-úndínlógójì", "ogójì ewúrẹ́". "Ewúrẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún", ó di "ọgọ́rùn-ún ewúrẹ́". Síwá sẹ́yìn bíi ọmọ lórí jangirọ́fà! Níbo ni òfin Corbett wà níbẹ̀?


Àṣàkẹ́_Peckham | Ẹtì, 1:48 ọ̀sán

Gbẹ̀du, o ṣeun, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí a dé láti àná.

Kì í ṣe bí nọ́ńbà ṣe tóbi tó ni Yorùbá ń wò. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni. Tú mọ́kànlélógún: mú-ọ̀kan-lé-ní-ogún. Ta ló ṣíwájú nínú rẹ̀? Ọ̀kan. Ọ̀kan ló gba "m", ogún kàn jókòó sẹ́yìn bí ibi tí wọ́n gbé ọ̀kan lé. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, ọ̀kan náà ló ṣíwájú. Àádọ́ta ńkọ́? Ẹ̀wá tó dín nínú ọgọ́ta ni, ẹ óò rò pé ó yẹ kó gba "m", ṣùgbọ́n àwọn aládín mẹ́wàá wọ̀nyí ti dì pọ̀ tipẹ́, wọ́n ti di odindi orúkọ: àádọ́ta ewúrẹ́, àádọ́rin ewúrẹ́. Ẹ̀ẹ́dógún, tó jẹ́ pé àrún ló dín nínú ogún, ti dì bí àádọ́ta ṣe dì, síbẹ̀ "m" ṣì lẹ̀ mọ́ ọn: ewúrẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo lè ṣàlàyé gbogbo yòókù, àyàfi ẹ̀ẹ́dógún àti ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwọn méjì yìí ya olórí kunkun.


Dókítà_Tútù | Ẹtì, 2:10 ọ̀sán

Ẹ má rò pé Yorùbá nìkan ló ń gun jangirọ́fà. Ní Rọ́ṣíà, ogún tábìlì gba "ti àwọn tábìlì". Kan ọ̀kan mọ́ ọn, "dvadtsat odin", tábìlì á padà di ẹyọ kan ṣoṣo! Tábìlì mọ́kànlélógún, wọ́n á sọ ọ́ bíi "ogún-ọ̀kan tábìlì", ẹyọ, torí "odin" ló sún mọ́ ọn jù. Ìdánwò àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Mo fìdí rẹmi.


Dàda_kọ́ọ̀dù | Ẹtì, 2:26 ọ̀sán

Swahili: "watu ishirini", ìyẹn ogún ènìyàn, kò wọ aṣọ. "Watu ishirini na wawili", méjì padà wọ aṣọ rẹ̀. Ó ga o.

Ohun tí mo kọ ní àná pé mo lẹ NUM mo kọjá, mo fẹ́ padà lọ wo iṣẹ́ mi báyìí. Mo ti lẹ NUM mọ́ "ogún" nínú "ogún ọdún" tí mo sì fi "ọdún" ṣe olórí, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà bíi mélòó kan ni? Ẹ má bi mí.


Ọmọ_Awo_Ọ̀ṣun | Ẹtì, 4:03 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Àǹtí, ẹ ní ọ̀kan tó wà lórí ló ń gba "m". A kì í sọ bẹ́ẹ̀ nílé wa. "Ọ̀kànlénírínwó irúnmọlẹ̀" la ń pè. 401 ni, ọ̀kan ló wà lórí, síbẹ̀ kò gba "m", kò sì tẹ̀yìn. Iwájú ló wà bí ogún.

Ẹ tún wo ẹẹ́rìndínlógún, ẹyọ owó tí a fi ń dá Ifá Ọ̀ṣun. Nọ́ńbà ni, ó ti di orúkọ irinṣẹ́. Àwọn ará wa ní Kúbà gé e kù ní "dilogún", púpọ̀ nínú àwọn tó ń dà á níbẹ̀ kò sì fi í ka nǹkan kan mọ́, orúkọ owó ẹyọ àti iṣẹ́ náà ni. Ìpàdé ìtàdógún wa náà, 17 ni a kà nítorí a ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín ìpàdé méjì. Orúkọ ìpàdé ni ìtàdógún ti dà.


Àṣàkẹ́_Peckham | Ẹtì, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ Awo, mo dọ̀bálẹ̀, bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Ọ̀kànlénírínwó ti já òfin mi. Ohun tí mo lè sọ ni pé láìsí "m", orúkọ ni, orúkọ sì ń ṣíwájú bí ogún. "M" ló ń gbé nọ́ńbà sẹ́yìn. Ìyẹn kò tíì já.


Olùkọ́Fẹ̀yìntì | Ẹtì, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fún ìyá ìbejì ní ohun tó lè gbé lọ bá àwọn ọmọ, torí wọn ò ní gbọ́ Rọ́ṣíà.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi ń ta ata lọ́jà. Ẹni tó bá dé, á ní "Èló ni?" Owó ló ń bèèrè. Ìyá mi á ní "eéjì-eéjì ni", ìyẹn owó èjì, owó èjì. (Owó ẹyọ ti kúrò lóde kí wọ́n tó bí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kù: oókan, eéjì, ẹẹ́ta.) Tí wọ́n bá bi í pé "Ọmọ mélòó lẹ bí?", á ní "mẹ́fà". Tí wọ́n bá ní "Èyí ṣe ìkelòó?", á ní "ìkẹta ni". "Ẹ̀ẹ̀melòó lo lọ sódò?" "Ẹ̀ẹ̀mejì."

Èló, mélòó, kelòó, ẹ̀ẹ̀melòó. Ẹ gbọ́ "èló" tó ń lọ nínú gbogbo wọn, tó ń pààrọ̀ ẹ̀wù. Kódà "mélòó" gba ọ̀nà tí "mẹ́wàá" gbà: èló, mélòó, ẹ̀wá, mẹ́wàá. Ìbéèrè tí òǹkà ń dáhùn ló máa sọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́ fún yín.


ÌyáTáyélolú | Ẹtì, 9:20 alẹ́

Mo ti dé o. Mo fi "múwèé" bẹ̀rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà náà "múwèé, mẹ́wàá, múwèé, mẹ́wàá" ni wọ́n fi ń lu tábìlì. Táyé lóun fara mọ́ Bàbá, ẹ̀yán ni. Kẹ́hìndé ní agbọ̀n ni ogún.

Mo kọ lẹ́tà kékeré sí olùkọ́ láàárọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ wọn ní ẹ̀yán aṣòǹkà. Obìnrin dáadáa ni. Ó ní òótọ́ ni, ìdí tí òun kọ kò tó, torí náà òun fún Táyé ní ààbọ̀ máàkì fún "mẹ́ta".

Inú Táyé dùn. Kẹ́hìndé gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó. "Mọ́mì, ẹ máa ń sọ pé wákàtí kan ààbọ̀. Kí ló dé tí olùkọ́ kọ ààbọ̀ máàkì?"


Gbẹ̀du77 | Ẹtì, 9:24 alẹ́

Yéè!


Olùkọ́Fẹ̀yìntì | Ẹtì, 9:31 alẹ́

Màdáàmù, ẹ gbé fóònù fún ọmọ yẹn.